Ta Lẹni Tó Wà Nínú Fọ́tò Yìí? Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Fọ́tò Àtijọ́ àti Wíwá Ìtàn Ìdílé

Alága ìjókòó, ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ jókòó níwájú, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn tẹ́ ẹ ti ń fi fóònù ká mi sílẹ̀, mo kí gbogbo yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àfarabalẹ̀. Mo júbà àgbà kí n tó la ẹnu, torí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ lónìí, ọ̀rọ̀ àgbà ni látòkè délẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí fọ́tò àtijọ́, àwọn fọ́tò tí èèyàn máa ń ṣàdédé rí níbi tó ti ń wá ìtàn ìdílé ẹ̀. Mi ò ní pẹ́ rárá. Àwọn tó mọ̀ mí ti ń rẹ́rìn-ín, wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni mo ń pa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín léèrè. Ta ni nínú wa níbí tí ò ní fọ́tò kankan nílé tó jẹ́ pé kò mọ ẹni tó wà nínú ẹ̀? Ẹ nawọ́ sókè ká rí yín. Ẹ ò rí i? Ọwọ́ kan ṣoṣo ló lọ sókè, àti pé bàbá yẹn, mo rò pé wọn ò gbọ́ ìbéèrè mi dáadáa ni.

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdílé ẹ̀, orúkọ ló máa ń kọ́kọ́ rí, ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ìgbéyàwó, ọjọ́ ikú, á lọ síbi tí wọ́n ń kó ìwé ìjọba pamọ́ sí, á wo ìwé ìkànìyàn, á wo ìwé ìrìbọmi, á máa kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, orúkọ á pọ̀ lọ súà ṣùgbọ́n orúkọ lásán ni, kò lójú, kò nímú. Ó wá di ọjọ́ kan, ẹnì kan nínú ẹbí ṣaláìsí tàbí ó kó kúrò nílé tó ti ń gbé látayébáyé, wọ́n pè yín pé ìwọ tó o máa ń yọ wá lẹ́nu nípa àwọn ará àtijọ́, wá wo páálí yìí ká tó dà á nù. Ẹ ṣí páálí. Ojú ló kún inú ẹ̀! Ojú lóríṣiríṣi, èyí tó le, èyí tó rẹwà, èyí tó jọ yín débi pé ara yín bù máṣọ, kò sì sí orúkọ lára ìkankan.

Nílé, ẹ ní orúkọ tí ò lójú. Nínú páálí, ẹ ní ojú tí ò lórúkọ. Kí lèèyàn fẹ́ ṣe ju pé kó so méjèèjì pọ̀ lọ? Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ọwọ́ wa máa ń yá jù. Ohun tí mo bá wá síbí lónìí ò ju gbólóhùn kan lọ, àlàyé ni gbogbo ìyókù: orúkọ tẹ́ ẹ bá kọ sẹ́yìn fọ́tò nígbà tí kò dá yín lójú, ó burú ju kẹ́ ẹ má kọ nǹkan kan lọ. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Ó burú ju kẹ́ ẹ má kọ nǹkan kan lọ. Ìdí ni pé fọ́tò tí ò lórúkọ, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín á ṣì máa béèrè. Fọ́tò tẹ́ ẹ ti sọ lórúkọ, ta ló tún fẹ́ béèrè?

Ọ̀gbẹ́ni kan tí a jọ ń ṣe irú ìwádìí yìí, ẹ̀gbọ́n ni wọ́n jẹ́ sí mi, wọ́n ní fọ́tò bàbá kan tó dá irùngbọ̀n sí, bàbá yẹn jókòó, ó gbọ́wọ́ lé orúnkún, fọ́tò náà wà lórí páálí tó nípọn, tó sì tóbi díẹ̀. Gbogbo ẹbí ló ń sọ ọ́ pé bàbá ńlá àwọn nìyẹn, ẹni tó kó ìdílé wọn dé ibi tí wọ́n wà. Ẹ̀gbọ́n gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì tòun torúkọ. Láìpẹ́, àwọn ìbátan tí wọn ò mọ̀ rí ti mú un, ó ti wà lórí igi ìdílé àwọn èèyàn káàkiri ayé. Àfìgbà tí ẹnì kan wá béèrè ìbéèrè kékeré kan: bàbá ńlá yín yìí, ọdún wo ni wọ́n kú? 1859. Irú páálí tí fọ́tò yìí wà lórí ẹ̀ ńkọ́, ọdún wo ló dóde? Bíi 1866. Bàbá ti wà ní sàréè fún bí ọdún méje kí irú páálí bẹ́ẹ̀ tó dé ọjà! Ẹ lè sọ pé bóyá wọ́n tún fọ́tò àtijọ́ yà sórí páálí tuntun ni, wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n aṣọ ọrùn bàbá tó wà níbẹ̀ náà ò bá ìgbà ikú wọn mu. Ó jọ pé ọmọ wọn ni, torí orúkọ kan náà ni bàbá àti ọmọ ń jẹ́. Ẹ̀gbọ́n yọ tiwọn kúrò, àmọ́ àwọn tó ti mú un lọ ńkọ́? Ó ṣì wà lọ́dọ̀ wọn títí dòní. Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Ti fọ́tò orí íńtánẹ́ẹ̀tì yìí, mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ lẹ́sẹ̀ tó lè fi bá a o.

Ẹ jẹ́ ká wá wọnú ọ̀rọ̀. Kókó àkọ́kọ́: ẹ wo nǹkan tí wọ́n ya fọ́tò náà sí kẹ́ ẹ tó wo ojú ẹni tó wà nínú ẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ṣòro, ojú ló ń fà wá mọ́ra, àmọ́ ojú ò ní ọdún lára, páálí ní.

Ọdún 1839 ni ayé gbọ́ nípa iṣẹ́ Louis Daguerre ní Paris, ìyẹn ọ̀nà tó ń gbà ya fọ́tò. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí n wá wo fọ́tò ìyá àgbà òun tó kú ní 1820, mi ò ní dìde lórí àga mi, àfi tó bá jẹ́ pé wọ́n fi ọ̀dà ya àwòrán ìyá náà, tí ẹnì kan wá ya fọ́tò àwòrán yẹn lẹ́yìn náà. Ti Daguerre yìí, orí bàbà tí wọ́n fi fàdákà bò ni wọ́n ń yà á sí, inú àpótí kékeré tó ní ìdérí ló sábà máa ń wà, ó ń dán gbinrin, tẹ́ ẹ bá gbé e báyìí ẹ rí ẹni tó wà nínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá dà á sẹ́yìn díẹ̀ ojú tiyín lẹ máa rí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi aṣọ nù ún, mo bẹ̀ yín, àwòrán yẹn á bá aṣọ lọ, kò sì sí nẹ́gẹ́tíìfù kankan níbì kankan tí wọ́n fẹ́ fi tún un tẹ̀.

Nígbà tó di bíi 1854, ti orí gíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í gbòde, wọ́n á fi nǹkan dúdú sẹ́yìn ẹ̀ kí àwòrán lè yọ. Ní 1856, ọ̀gbẹ́ni kan ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, Hamilton Smith, gba ìwé àṣẹ fún ti orí irin, èyí tí wọ́n ń pè ní tintype. Ti irin yìí, òòfà máa ń fà á, ẹni tí ò bá mọ èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ kó rọra gbé òòfà kékeré sún mọ́ ẹ̀yìn àpótí ẹ̀. Kò wọ́nwó, ó yá, àwọn sójà ń yà á, àwọn òṣìṣẹ́ ń yà á, ìdí nìyẹn tí ìdílé tí ò lówó fi lè rí fọ́tò àwọn ará wọn ìgbà yẹn.

Àmọ́ ohun kan wà nínú fọ́tò orí irin tó ti dójú ti ọ̀pọ̀ èèyàn: ọ̀tún máa ń di òsì nínú ẹ̀, òsì á di ọ̀tún. Ẹ ti gbọ́ nípa ọ̀daràn kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Billy the Kid àbí? Fọ́tò ẹ̀ tí ayé mọ̀ jù, orí irin ni wọ́n yà á sí, ìbọn ìléwọ́ ẹ̀ sì wà ní ìhà òsì, bí ayé ṣe gbà nìyẹn pé ọlọ́wọ́ òsì ni o, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ìgbà tí àwọn kan fara balẹ̀ wo ìbọn gígùn tó mú dání, Winchester ti 1873, wọ́n rí i pé ẹnu ibi tí wọ́n ti ń ki ọta sínú ẹ̀ wà ní ìhà tí kò yẹ kó wà. Fọ́tò ló yí padà, ọwọ́ ọmọkùnrin náà ò yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì. Wọ́n ta fọ́tò kékeré yẹn ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ ní 2011. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí fọ́tò ìyá ńlá yín lórí irin tí òrùka ò sí lọ́wọ́ tó yẹ kó wà, ẹ má sáré lọ kọ ọ́ sínú ìwé pé wọn ò lọ́kọ. Ẹ wo ọwọ́ kejì ná.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti orí páálí, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn páálí ẹrù tí à ń ṣí nílé yìí. Ọ̀gbẹ́ni Disdéri ní Paris gba ìwé àṣẹ fún páálí kékeré ní 1854, bíi sẹ̀ntímítà mẹ́fà sí mẹ́wàá, wọ́n ń pè é ní carte de visite, ó wá gbilẹ̀ gan-an láàárín 1860 sí 1870, àwọn èèyàn ń fi tọrẹ fúnra wọn, álíbọ́ọ̀mù tó ní ihò tí wọ́n ń ki fọ́tò bọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Pépà tín-ín-rín tí wọ́n fi funfun ẹyin pa lára ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó di 1866 ni páálí ńlá dé, cabinet card, bíi sẹ̀ntímítà mọ́kànlá sí mẹ́tàdínlógún, irú èyí tó gbé ẹ̀gbọ́n mi ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti yà á, ẹ yí i padà: ìjọba wọn gba owó orí lórí fọ́tò láti 1864 sí 1866 látàrí ogun abẹ́lé, wọ́n sì ní kí oní fọ́tò lẹ sítáǹpù mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀. Ẹni tó bá bá sítáǹpù yẹn lẹ́yìn fọ́tò, ó ti mọ ọdún méjì tó máa wò, kó dúpẹ́.

Ní 1888 ni George Eastman gbé kámẹ́rà Kodak jáde, ní 1900 ó tún gbé Brownie jáde, dọ́là kan péré. Látìgbà yẹn ni èèyàn lásán ti ń ya ara ẹ̀. Ẹ máa rí ìyàtọ̀ ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àwọn èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín, ajá ń sá kọjá, òjìji ẹni tó ń ya fọ́tò wà nílẹ̀ níwájú (ẹ má fojú fo òjìji yẹn o, òun náà ará ilé ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tí ẹ̀ ń wá gan-an ló di kámẹ́rà mú). Tó bá wá di àwọn fọ́tò bíi 1955 síwájú tí wọ́n tẹ oṣù àti ọdún sí etí funfun ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n fọ fíìmù nìyẹn o, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n yà á, fíìmù lè ti wà nínú kámẹ́rà láti ọdún tó kọjá torí owó fífọ̀ ò tíì sí.

Ẹ jẹ́ kí n yà sápá kan díẹ̀, torí ó máa ń bí mi nínú. Àwọn kan máa ń mú fọ́tò àtijọ́ èyíkéyìí, tí wọ́n bá ti rí ẹsẹ̀ irin kékeré lẹ́yìn ẹni tó dúró, wọ́n á ní òkú ni, wọ́n gbé òkú nàró ni. Irọ́ ni! Kámẹ́rà ìgbà yẹn ò yára, èèyàn gbọ́dọ̀ dúró gbọn-in fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, irin yẹn ló ń di orí mú kó má mì. Kò lágbára tó lè gbé òkú ró. Wọ́n ya òkú nígbà yẹn lóòótọ́, àmọ́ wọ́n sábà máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ ni bí ẹni tó ń sùn. Ojú tó le yẹn náà ò túmọ̀ sí pé inú ń bí ẹnikẹ́ni, ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín sójú kan náà láìmira ká wò ó. Ṣé ẹ rí i? Ẹnu ti ń ro yín.

Nǹkan míì tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa wò ni ọmọ ọwọ́. Ọmọ ọwọ́ kì í jókòó jẹ́ẹ́, nítorí náà ìyá ẹ̀ ló máa ń gbé e dání, wọ́n á wá da aṣọ bo ìyá lórí kó lè dà bí àga. Nígbà míì wọ́n á tún fi férémù páálí bo ibi tí ìyá wà. Ọ̀pọ̀ fọ́tò tí a kọ «ọmọ nìkan» sí, èèyàn méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ọmọ yẹn dáadáa, ẹ wo ọwọ́ tó yọ lábẹ́ aṣọ. Ẹ ń wá ìyá ńlá yín káàkiri, ó sì lè jẹ́ pé abẹ́ aṣọ ló wà.

Ó tó gẹ́ẹ́ lórí ìyẹn. Kókó kejì: ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sẹ́yìn fọ́tò. Inú wa máa ń dùn tí a bá rí ìkọ̀wé lẹ́yìn fọ́tò, a rò pé iṣẹ́ parí. Kò parí o. Ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe «kí ni wọ́n kọ?» Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni «ta ló kọ ọ́?» Obìnrin kan tí mo bá ṣiṣẹ́ ní fọ́tò ìyá arúgbó kan tí wọ́n kọ «Màmá» sẹ́yìn ẹ̀, Màmá péré. Àwọn ọmọ ilé gbà pé ìyá bàbá wọn ni, torí inú ẹrù bàbá ni wọ́n ti bá a. A wá mú lẹ́tà àtijọ́ ilé náà jáde, a fi ìkọ̀wé wé ìkọ̀wé, kì í ṣe ọwọ́ bàbá, ọwọ́ àbúrò ìyàwó bàbá ni! Màmá yẹn, ìyá ìyàwó ni, ẹbí míì pátápátá. Ìyá ta ni? Ìgbà gbogbo lẹ gbọ́dọ̀ máa béèrè ẹ̀. «Bàbá àgbà» tí ọmọ ọdún mẹ́wàá kọ àti «Bàbá àgbà» tí bàbá ọmọ náà kọ, ìran kan gbáko ló wà láàárín wọn. Ẹ sì wo ohun tí wọ́n fi kọ ọ́: tó bá jẹ́ bírò ni wọ́n fi kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò 1870, ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn tí wọ́n ya fọ́tò kí ẹnì kan tó wá kọ ọ́, ẹni náà lè máa rántí, ó sì lè máa méfò.

Orúkọ oní fọ́tò àti àdírẹ́sì ẹ̀ tó máa ń wà nísàlẹ̀ páálí tàbí lẹ́yìn, ẹ̀rí tó dáa nìyẹn. Àwọn ìlú ńlá ní ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ lọ́dọọdún tó ní orúkọ oníṣòwò àti òpópónà tí wọ́n wà, oní fọ́tò náà sì máa ń kó kiri, ó lè wà ní òpópónà yìí fún ọdún mẹ́ta kó tó lọ sí òmíì. Tẹ́ ẹ bá rí àdírẹ́sì, ẹ rí ọdún mẹ́ta yẹn. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ mú bébà, kẹ́ ẹ kọ gbogbo ẹni tó wà láàyè nínú ẹbí láwọn ọdún yẹn, ọmọ ọdún mélòó ni kálukú, ìlú wo ló wà, ìwé ìkànìyàn á ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ obìnrin ọlọ́dún márùndínlógójì lẹ rí nínú fọ́tò, tí kò sì sí obìnrin tó tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí nígbà yẹn, ọ̀rẹ́ lè ni, aládùúgbò lè ni. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wà nínú álíbọ́ọ̀mù wa ni ẹbí wa.

Mo ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ mi jù o. Kókó kẹta: ẹni tó mọ̀ ọ́n ló lè sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Oṣù keje ọdún 1863, lẹ́yìn ogun Gettysburg ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òkú sójà kan. Kò sí nǹkan kan lára ẹ̀ tó lè sọ orúkọ ẹ̀. Ohun tó mú dání ni fọ́tò orí gíláàsì, àwọn ọmọ mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀. Ó jọ pé wọ́n ló ń wò títí ẹ̀mí fi bọ́. Ṣé ẹ ń bá mi lọ? Fọ́tò wà, orúkọ ò sí.

Dókítà kan láti Philadelphia, John Francis Bourns, gba fọ́tò náà, ó ní òun máa wá àwọn ọmọ yìí rí. Báwo ló ṣe fẹ́ ṣe é? Ìwé ìròyìn ìgbà yẹn ò tíì lè tẹ fọ́tò jáde. Kò sí Facebook, kò sí WhatsApp. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni wọ́n fi ya fọ́tò náà fún ayé! Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ìwé ìròyìn Philadelphia Inquirer gbé ìròyìn jáde tó béèrè pé bàbá ta ni ọkùnrin yìí. Wọ́n kọ bí àwọn ọmọ náà ṣe tó lọ́jọ́ orí, bí wọ́n ṣe jókòó, aṣọ tí wọ́n wọ̀, wọ́n ò tilẹ̀ gbàgbé láti kọ ọ́ pé ṣẹ́ẹ̀tì ọmọkùnrin àgbà àti aṣọ àbúrò ẹ̀ obìnrin, aṣọ kan náà ni wọ́n gé. Àwọn ìwé ìròyìn míì dà á kọ. Ọ̀kan nínú wọn, ìwé ìròyìn ṣọ́ọ̀ṣì, dé ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Portville ní ìpínlẹ̀ New York, ó dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń jẹ́ Philinda Humiston, tí ò tíì gbúròó ọkọ ẹ̀ láti ìgbà ogun yẹn, òun fúnra ẹ̀ ló sì ti fi fọ́tò àwọn ọmọ wọn mẹ́ta ránṣẹ́ sí ọkọ lójú ogun. Wọ́n kọ lẹ́tà sí dókítà, dókítà fi ẹ̀dà fọ́tò ránṣẹ́. Ó ṣí i, ó rí ọmọ ẹ̀: Frank, Alice, Frederick. Bó ṣe mọ̀ pé òun ti di opó nìyẹn. Sájẹ́ǹtì Amos Humiston ni ọkùnrin náà ń jẹ́.

Kí ló dé tí mo fi sọ ìtàn yìí? Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Dókítà yẹn ò gbé orúkọ kankan ka iwájú ẹnikẹ́ni. Kò sọ pé «mo rò pé ará ibí báyìí ni.» Ohun tó rí lójú ló sọ, ó sì dúró de ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí àgbà máa rí lórí ìjókòó, ọmọdé lè gun igi títí kó má rí i.

Nítorí náà tẹ́ ẹ bá mú fọ́tò lọ bá àgbà ilé, ẹ má béèrè pé «ṣé bàbá àgbà lagbájá rèé?» Ẹ ti fi orúkọ sí wọn lẹ́nu nìyẹn! Àgbà tí ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, tó fẹ́ kẹ́ ẹ láyọ̀, á ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ni. Ẹ gbé fọ́tò sí wọn lọ́wọ́, kẹ́ ẹ dákẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ béèrè ibi tí ilé tó wà lẹ́yìn yẹn wà, ta ló ní àga yẹn, kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ya èyí. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ti gbàgbé orúkọ kì í gbàgbé àga. Ẹnì kan lè wo obìnrin inú fọ́tò kó má dá a mọ̀, àmọ́ kó rí ohun ọ̀ṣọ́ tó wà láyà aṣọ ẹ̀, kó pariwo pé ha, ọwọ́ Àǹtí mi báyìí nìyẹn wà! Ibẹ̀ lọ̀nà ti là. Ẹ tan fóònù sílẹ̀ kó máa gbohùn wọn, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó tàn án o, kí ẹ sì bi ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí tí wọ́n bá jókòó pọ̀, ohùn ẹ̀gbọ́n ló máa borí, ti àbúrò á sì ṣòfò.

Ẹ má sì dúró sílé tiyín nìkan. Oní fọ́tò àtijọ́ kì í sábà tẹ ẹyọ kan, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ ní dọ́sìnnì, wọ́n ń pín in fún ẹ̀gbọ́n, fún àbúrò, fún àna. Fọ́tò tí ò lórúkọ lọ́dọ̀ yín lè wà nílé ìbátan yín kan tẹ́ ẹ ò mọ̀, kí orúkọ wà lẹ́yìn tiwọn geerege. Àti pé fọ́tò kì í sábà wà lọ́wọ́ àkọ́bí, ẹni tó tọ́jú arúgbó títí dọjọ́ ikú ló sábà máa ń wà lọ́wọ́ ẹ̀, ọmọbìnrin tó kẹ́yìn, ìyàwó ilé, nígbà míì ẹni tí ẹbí ò kà kún rárá. Ẹ wá ẹni yẹn rí.

Kókó kẹrin, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni mo ń bá wí báyìí. Kọ̀ǹpútà. Mi ò lòdì sí i o, mò ń lò ó. Ní oṣù kejì 2021, ilé iṣẹ́ MyHeritage gbé nǹkan kan jáde tó ń jẹ́ kí fọ́tò òkú máa ṣẹ́jú kó máa yí orí, àwọn èèyàn sunkún, mo mọ àwọn tó wò ó lálẹ́ tí wọn ò lè sùn. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ìṣípòpadà orí yẹn, ti ẹlòmíì ni, wọ́n mú un láti ara fídíò ẹlòmíì wá kàn án mọ́ bàbá yín lórí ni. Èyí tó wá burú jù ni àwọn ẹ̀rọ tó ń «tún fọ́tò ṣe» kó lè mọ́lẹ̀. Fọ́tò tí ojú ti ṣú, ẹ̀rọ á fún un ní ojú tó mọ́ kedere. Níbo ló ti rí i? Kò rí bàbá yín rí! Ó ti wo ojú àwọn èèyàn rẹpẹtẹ, ó wá fi tiwọn pọ̀ ṣe ojú tuntun. Eyín yẹn, eyín àwọn tẹ́ ẹ ò mọ̀ ni. Ẹ wá mú ojú yẹn lọ bá àgbà, ẹ ní ta nìyí, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n, òótọ́ ló sì sọ, torí ẹni náà ò sí láyé rí.

Ti kíkun fọ́tò ní àwọ̀ náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn kẹ́míkà ìgbà yẹn, àwọ̀ búlúù nìkan ni wọ́n rí dáadáa, pupa ṣókùnkùn lójú wọn. Ìdí nìyẹn tí ojú búlúù fi máa ń funfun báláú nínú fọ́tò àtijọ́ bí ojú ẹni tí ò ríran, tí aṣọ pupa sì máa ń dà bí aṣọ dúdú, àwọn kan á rí i wọ́n á ní aṣọ ọ̀fọ̀ ni, opó ni. Kọ̀ǹpútà tó ń kun àwọ̀ ò mọ èyí, méfòméfò ló ń ṣe. Tó bá wù yín kẹ́ ẹ ṣe é, ẹ ṣe é, ẹ kọ ọ́ sára ẹ̀ gàdàgbà pé kọ̀ǹpútà ló kùn ún, kẹ́ ẹ sì fi ti àtilẹ̀wá sílẹ̀ bó ṣe wà.

Àwọn tó ń fi ojú wé ojú náà ńkọ́, tí kọ̀ǹpútà á ní ẹni méjì yìí jọra? Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jọra. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò jọra. Kò sì sí ohun tí à ń wá nínú àwọn fọ́tò yìí ju ẹbí lọ, kí la fẹ́ kí wọ́n ṣe ju kí wọ́n jọra lọ? Ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, ẹ má fi parí ẹ̀.

Títọ́jú ẹ̀, màá yára, torí mo rí Alága tó ń wo aago. Ẹ má fi sí òkè àjà tó ń gbóná tàbí ìsàlẹ̀ ilé tó ń rin, yàrá tẹ́ ẹ̀yin fúnra yín ń gbé ló dáa jù fún un. Álíbọ́ọ̀mù onígọ́ọ̀mù tó gbòde bíi 1970 síwájú, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀rá bò lórí, ọ̀tá fọ́tò nìyẹn, gọ́ọ̀mù ẹ̀ ń jẹ ẹ́. Ẹ má fa fọ́tò yọ pẹ̀lú agbára, okùn tín-ín-rín tí wọ́n fi ń fọ àárín eyín lẹ máa rọra rà bọ abẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó yọ ẹyọ kan, ẹ ya gbogbo ojú ewé náà bó ṣe wà, torí ẹni tó to álíbọ́ọ̀mù yẹn mọ ìdí tó fi fi lagbájá sẹ́gbẹ̀ẹ́ làkáṣègbè, ẹ̀rí ni ìtò yẹn. Ẹ síkáànù iwájú, ẹ síkáànù ẹ̀yìn, 600 dpi kéré tán (ìyẹn bí àwòrán ṣe máa mọ́ tó), ẹ fi pamọ́ ní TIFF, irú fáìlì fọ́tò kan, kẹ́ ẹ sì ní ju ẹ̀dà kan lọ ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Fíìmù tó bá ń rùn bíi fínígà, ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù kíákíá, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ orúkọ, pẹ́ńsùlù tó rọ̀ ni, lẹ́yìn, ní etí, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ má lo bírò láé. Kẹ́ ẹ sì kọ bẹ́ ẹ ṣe mọ̀ ọ́n: «Ìyá báyìí ló sọ ọ́, ọjọ́ báyìí.» Tí kò bá dá yín lójú, ẹ kọ «bóyá», kẹ́ ẹ fi àmì ìbéèrè sí i. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ó máa ń dà bí ẹni tí ò mọ iṣẹ́ ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́.

Ó yá, Alága ti dìde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mú fọ́tò wá, tábìlì wà lápá ọ̀tún mi yìí, ẹ tò síbẹ̀, àgbà ló máa ṣáájú. Ẹ fi sílẹ̀ nínú álíbọ́ọ̀mù ẹ̀, ẹ má yọ ọ́, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ kó gbẹ kẹ́ ẹ tó mú un. Ẹ má tíì sọ fún mi pé ta ló wà nínú ẹ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ̀dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ ti rí i fún mi.